Òyìnbó Wo Ló Ró Ìró Mi?

Bùnmi: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Bọ̀dá Kúnlé, wọ́n ní ẹ ti sọ kíṣìnì yín di ṣọ́ọ̀bù fọ́tò.

Kúnlé: Ìyàwó mi ló lọ tú mi fó! Òògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù dúdú-òun-funfun ni mò ń pò fúnra mi. D-23 lorúkọ ẹ̀.

Bùnmi: Kí ló wà nínú ẹ̀? Ó máa pọ̀ bí àgbo.

Kúnlé: Rárá o. D-76, òògùn fíìmù míì tí ilé-iṣẹ́ Kodak gbé jáde ní 1927, ló gba ìyẹ̀fun mẹ́rin. Tèmi, ìyẹ̀fun méjì péré: metol, tó ń mú àwòrán jáde, gíráàmù 7.5; sodium sulfite, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ba metol jẹ́, gíráàmù 100, kí o wá bomi sí i títí á fi pé lítà kan. Ó parí.

Bùnmi: Wọ́n tún ní ẹ da èyí tí ẹ kọ́kọ́ pò nù. Kí ló dé?

Kúnlé: Ìwàǹwára ni. Mo kọ́kọ́ da sulfite sómi, torí òun ló pọ̀ jù. Mo wá bu metol lé e, kò yòrò. Mo ro ó títí apá fi ń ro mí. Ó kàn ń léfòó bí ìdọ̀tí ojú gààrí tí a rẹ.

Bùnmi: Èyí tí a máa ń dà nù kí a tó fi ṣúgà sí i!

Kúnlé: Òun gan-an. Metol kì í fẹ́ yòrò nínú omi tí sulfite ti kún. Òun ni kó kọ́kọ́ wọlé, nínú omi tó gbóná tó 50°C. Sulfite tí ìka méjì lè ṣà nìkan ló lè ṣáájú ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà sọ ọ́ di àwọ̀ tíì.

Bùnmi: Ṣé ṣíbí ọbẹ̀ lẹ fi ro ó?

Kúnlé: Kí ìyàwó mi pa mí? Ṣíbí ẹ̀ lọ́tọ̀, jọ́ọ̀gì ẹ̀ lọ́tọ̀. Mo tún wọ ìbọ̀wọ́, torí metol lè mú kí ara máa yún èèyàn. Ìgò ni mo rọ ọ́ sí, ó kún dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má ráyè.

Bùnmi: Ẹ ti fi fọ nǹkan kan?

Kúnlé: Fíìmù kan. Ìgbà tí Màmá wá kí wa, tó dúró nínú yìnyín pẹ̀lú kóòtù lórí ìró. Mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kí n wò ó. Ẹ mọ̀ pé fíìmù máa ń sọ funfun di dúdú, á sọ dúdú di funfun: yìnyín dúdú kirikiri, ojú Màmá funfun báláú. Mo fi hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní, “Òyìnbó wo ló ró ìró mi?”