Kì í Ṣe Mágùn: Ohun Tó Yẹ Ká Ṣe Tí Kọ́sítọ́mà Bá Dákú Nínú Yàrá

(Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ pàjáwìrì ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn obìnrin tó ń fi ara ṣòwò ní hòtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó àti àwọn mánijà wọn. A gé e kúrú díẹ̀, a ò yọ àwàdà ẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o. Wákàtí kan ni wọ́n fún mi, mo sì mọ ara mi. Mánijà tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ bá mi dín fáànù yẹn kù kí ohùn mi lè dé ọ̀dọ̀ yín, torí ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá wí lónìí. Ẹ ṣeun.

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Tí kọ́sítọ́mà bá ṣubú nínú yàrá, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn máa ń pariwo ni mágùn. Ẹni tó bá sì ti pariwo mágùn, kò síṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ nìyẹn, torí ta ló ń pe áńbúláǹsì fún mágùn? Baba kan ni wọ́n máa lọ pè, baba á ní kí wọ́n wá epo, kí wọ́n wá adìyẹ, àwọn tó kù ti gbé fóònù jáde wọ́n ń ya fídíò, ẹni tó wà nílẹ̀ ní tiẹ̀, ọpọlọ ẹ̀ ti ń kú lọ. Tí èèyàn ò bá mí, tí ọkàn ẹ̀ ò lù, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Wọn ò tíì ná adìyẹ tán o.

Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan. Bàbá kan ti dìde sí mi rí níbi irú ìpàdé báyìí, ó ní ìwé òyìnbó ló dà mí lórí rú. Mo ní kò burú, Bàbá, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ sọ́dọ̀ òyìnbó. Ní Frankfurt ní Jámánì, àwọn dókítà tó ń yẹ òkú wò padà lọ wo àkọsílẹ̀ wọn láti 1972 títí dé 2016. Òkú bíi 38,000 ni wọ́n ti yẹ̀ wò láàárín ìgbà yẹn. 99 nínú wọn, orí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni ikú ti bá wọn, ikú àìsàn o, kì í ṣe pé ẹnì kan pa wọ́n. 91 nínú 99 yẹn, ọkùnrin ni. Ọjọ́ orí àwọn ọkùnrin yẹn, tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, bí ọdún 57. Àwọn kan tó pọ̀ díẹ̀ nínú wọn, ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń gbowó ni wọ́n wà. Àìsàn ọkàn ló pọ̀ jù nínú ohun tó pa wọ́n. Ó dáa, ta ló lọ fi mágùn sára obìnrin ní Frankfurt? Ẹ dá mi lóhùn. Bàbá yẹn ò dá mi lóhùn.

Ààrẹ ilẹ̀ Faransé kan wà, Félix Faure, February 1899 ló kú nínú ilé ìjọba, obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó ẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Tiwa ńkọ́? 8 June 1998. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì sọ nǹkan kan! Ọjọ́ tí Abacha, olórí ìjọba ológun wa, kú nìyẹn. Ìjọba ní ọkàn ló daṣẹ́ sílẹ̀, ará àdúgbò ní ápù ni, àwọn tó sún mọ́ ọn ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ ápù. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, wọn ò yẹ òkú ẹ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé níbi tí wọn ò bá ti yẹ òkú wò, obìnrin ni wọ́n máa ń rí dá lẹ́bi. Ẹ fi ìyẹn sápò, a máa padà síbẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù wá ni pé wọ́n á bá ọkùnrin àti obìnrin nínú yàrá, àwọn méjèèjì ti kú, gbogbo àdúgbò á ní mágùn. Ṣebí ọkùnrin lẹ ní mágùn ń mú, báwo ló ṣe wá mú obìnrin? Ẹ wo ìsàlẹ̀ fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ ló wà níbẹ̀, tàbí nínú kọ́rídọ̀, wọ́n ti ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn, NEPA ti mú iná lọ látàná. Èéfín lẹ rò pé ẹ máa gbọ́ òórùn ẹ̀, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń pani nínú ẹ̀ ò rùn rárá, kò sì ṣeé rí. Orí á máa fọ́ ẹ, òòyì á máa kọ́ ẹ, á máa ṣe ẹ́ bíi kó o bì, o rò pé ọtí ni. Tí orí bá ń fọ́ ìwọ àti kọ́sítọ́mà lẹ́ẹ̀kan náà, má wá Panadol kiri. Ṣílẹ̀kùn, bọ́ síta, wọ́ ọ jáde. Kó o tó wá aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó wà láàyè lojú ń tì. Ẹ̀yin mánijà, mo ti bẹ ẹgbẹ́ yín títí pé kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé, wọ́n ní wọ́n máa jí i gbé. Ẹ fi ṣéènì dè é!

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọkàn. Iṣẹ́ tí ìbálòpọ̀ ń fún ọkàn ṣe ò ju ti ẹni tó gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì lọ. Ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà tiyín ti mu páràga méjì ní gáréèjì, ó ti gbé máńpáwà, oògùn tó ń mú nǹkan ọmọkùnrin le, jẹ, ó tún fi trámọ̀, ìyẹn tramadol, lé e kó lè pẹ́ kówó ẹ̀ má bàa ṣòfò, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára ẹ̀ tí kò sọ fẹ́nì kankan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n fẹ́ni tí àyà ń dùn, nitrate ló ń jẹ́. Ẹni tó bá lo Viagra, wọn ò gbọ́dọ̀ fún un láàárín wákàtí 24, tó bá jẹ́ tadalafil, èyí tó ń pẹ́ lára, wákàtí 48, torí ìfúnpá ẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó máa pa á. Dókítà ò mọ̀ pé ó lò ó. Ìyàwó ẹ̀ nílé ò mọ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀, torí ojú ẹ ló ṣe já sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn yẹn tó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣa á nílẹ̀. Fi sápò. Tí wọ́n bá dé, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ nà sí wọn.

Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi kan ní kí n yé kọ́ yín ní nǹkan báyìí, pé mò ń ran ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pé ọkọ yín ló ṣubú ńkọ́? Látìgbà yẹn kò kí mi mọ́.

Ó dáa, ó ti ṣubú. Gbọn èjìká ẹ̀, fi orúkọ tó sọ fún ẹ pè é. Irọ́ lorúkọ yẹn, ṣáà pè é. Wo àyà ẹ̀ bóyá ó ń mí, má lò ju sẹ́kọ́ńdì 10 lọ lórí ìyẹn. Tó bá ń mí ṣùgbọ́n tí kò dáhùn, yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká orúnkún tòkè síwájú kó má bàa yí padà, jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ kọjú sílẹ̀, torí ọ̀mùtí tó ń han orun ní ìdùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, èébì ara ẹ̀ ló lè pa á. Tí kò bá mí, tàbí tó kàn ń fa èémí gọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kì í ṣe mímí o, pe 767 tàbí 112, kò gbowó káàdì, fi fóònù sí sípíkà kó o gbé e sílẹ̀. Wọ́ ọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù ló máa máa tẹ̀, àyà ẹ̀ ò ní tẹ̀. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà ẹ̀, gbé ìkejì lé e, na apá méjèèjì gbọọrọ, fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ kó wọlé tó sẹ̀ntímítà 5, jẹ́ kó dìde padà, tún tẹ̀ ẹ́, 100 sí 120 nínú ìṣẹ́jú kan. Tí egungun bá ró kàù, má dúró. Kó tó pé ìṣẹ́jú méjì ó ti rẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ ẹ. Kò sì pọn dandan kó o gbé ẹnu lé ẹnu ẹ̀.

(Ẹnì kan láti ìjókòó: "A dúpẹ́ o!" Ẹ̀rín.)

Ẹ rẹ́rìn-ín. Má da omi tútù sí i lára. Má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Tí gìrì bá mú un, trámọ̀ sì máa ń fa gìrì, má ki ṣíbí bọ eyín ẹ̀, kó nǹkan líle kúrò nítòsí, fi nǹkan tó rọ̀ sábẹ́ orí ẹ̀, kó o wo aago. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5...

Ibí ni ọmọbìnrin kan lápá ọ̀tún ti nawọ́, kò tiẹ̀ dúró kí n pè é. Ó ní: "Anti, ẹ má bínú. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí dáa, ṣùgbọ́n ẹ ní kí n dúró. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ dúró. Àtìmọ́lé ló ti jí lọ́jọ́ kejì. Èyí tó sá lọ nírú ọ̀rọ̀ yẹn, ilé ẹ̀ ló wà." Ariwo sọ. Mo pa ìwé mi dé.

Ọmọ mi, o gba mí lọ́rọ̀ sọ, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ. April 2019, l'Abuja, wọ́n kó ọ̀pọ̀ obìnrin ní kílọ́ọ̀bù àti lójú títì, wọ́n ní aṣẹ́wó ni wọ́n, ẹni tí ò ṣe nǹkan kan wà níbẹ̀. Nítorí náà mi ò lè sọ pé kò sẹ́ni tó máa yọ ẹ́ lẹ́nu. Ohun tí mo lè sọ ni bó o ṣe máa dúró tí ìdúró ẹ ò fi ní pa ẹ́ lára.

Má dá dúró. Bó ṣe ń ṣubú, ké sí rìsẹ́pṣọ̀n, ké sí ẹni tó wà ní yàrá kejì, kí èèyàn méjì ó kéré tán rí i pé o ò sá, pé àyà lò ń tẹ̀. Fóònù ẹ á sọ àsìkò tó o pe 767, ìyẹn ẹlẹ́rìí tí ò gba rìbá. Má fọwọ́ kan sòkòtò ẹ̀, má fọwọ́ kan pọ́ọ̀sì ẹ̀, kódà tí kò tíì san owó ẹ. Mo gbọ́ yín, mo gbọ́ yín! Owó ṣọ́ọ̀tù-táìmù kan ò tó ẹjọ́ olè. Kí mánijà àti ẹlòmíì jọ ka ohun tó wà lápò ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ní ọsibítù wọ́n á bi ẹ́ pé kí lo jẹ́ sí i. Sọ pé èmi ni mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Má sọ pé ìwọ nìyàwó ẹ̀, torí ìyàwó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ní kó o kọ́kọ́ lọ wá owó, òfin ìlera ìjọba àpapọ̀ ti 2014, abala 20, sọ pé kò sí oníṣègùn tàbí ọsibítù tó gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ẹni tó bá kọ̀ ọ́, 100,000 náírà ni ìtanràn ẹ̀ tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé aláìsàn sílẹ̀ lẹ́nu géètì nítorí owó dípọ́síìtì, ibi tí òfin yẹn wà nìyẹn o. Fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n sọ nọ́ńbà abala yẹn, wọ́n máa ń tún ojú ṣe.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí gbà ẹ́ láyè láti dákẹ́ títí o fi máa rí lọ́yà tàbí ẹni tó o bá fẹ́. Ó tún ní tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni kí wọ́n fi gbé ẹ débẹ̀. L'Ékòó yìí, ibo ni kóòtù ò sí láàárín kìlómítà 40? Má fọwọ́ sí ìwé tó ò lè kà. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri wọn fúnra wọn.

Tó bá wá jẹ́ pé ó kú, ẹ mú ohun tẹ́ ẹ fi sápò lẹ́ẹ̀kan jáde. Láti 2007 l'Ékòó ti lófin tó ní kí wọ́n fi ikú òjijì tó coroner, adájọ́ tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn, létí. Òun ló lè ní kí wọ́n yẹ òkú wò. Ẹ̀rù àyẹ̀wò yẹn máa ń bà yín, kò sì yẹ, torí dókítà tó bá la àyà tó rí i pé iṣan ọkàn ti dí, ó ti bá ẹ jẹ́jọ́ tán. Mẹ́ńbà ìdílé tó ń pariwo pé kí wọ́n má gé òkú àwọn, ẹni tó ń sọ pé mágùn ni, òun gan-an ló ń tì ẹ́ sínú wàhálà. Mánijà tó ń sọ pé orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì òun á bàjẹ́, tó ní kí wọ́n gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lóru kí wọ́n lọ jù ú sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ gbọ́ ná, àìsàn ọkàn lẹ bá nínú yàrá, ẹjọ́ ìpànìyàn lẹ gbé jáde.

Wọ́n ti ń nàka aago sí mi. Kíákíá: ẹni tí àyà ń dùn tó ṣì wà lójú ayé, jẹ́ kó jókòó, má jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí áspírín kì í bá bá a jà kó rún 300 mg lẹ́nu. Tí ẹnu ẹ̀ bá wọ́ sápá kan, tí apá kan ò gbéra, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ dàrú, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, má fún un ní nǹkan kan, áspírín yẹn pàápàá. Oní-ìtọ̀ ṣúgà tó ń làágùn tó ń gbọ̀n, tó bá lè gbé nǹkan mì, fún un ní mínírà, kó má jẹ́ èyí tí ò ní ṣúgà. Nǹkan ọmọkùnrin tí ò bá sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 4, ọsibítù, ẹ má fi yìnyín ṣeré. Tí kọ́ńdọ́ọ̀mù bá já, oògùn tó ń dènà HIV wà, kó má kọjá wákàtí 72.

Ìrọ̀rí mẹ́ta wà nílẹ̀ níbí fún àyà títẹ̀. Ẹ tò. Mánijà ni kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀.