Níbo Ló Bọ́ Sí?

Bíbélì kíkà: Àwọn Ọba Kejì 6:1–7

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ṣé dáadáa la jí? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ pé a jí, a sì jí sínú ilé wa. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ìgbà kan wà láyé mi tó jẹ́ pé tí mo bá lajú, àjà ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n lè fi mọ ilé ẹni tí mo sùn sí. Bàbá, a dúpẹ́.

Ìtàn tí a kà kò gùn. Àwọn ọmọ wòlíì lọ gé igi létí odò Jọ́dánì, wọ́n fẹ́ kọ́lé. Bí ọ̀kan nínú wọn ti ń gé e, irin àáké yọ lára èèkù, ó di inú odò. Ọmọ náà figbe ta: yéè, ọ̀gá mi, àyálò ni! Èlíṣà kò bú u. Kò bi í pé kí ló dé tí kò yẹ àáké wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi í, pé níbo ló bọ́ sí. Ọmọ náà fi ibẹ̀ hàn án. Wòlíì gé igi, ó jù ú síbẹ̀, irin léfòó.

Àwa tá à ń gbé létí ọ̀sà ní Ìkòròdú níbí yẹ kó mọ ìtàn yìí dénú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa yanrìn lójú omi, láti Báyékù títí dé apá Ìbẹ̀ṣẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà: ìdájí la ti ń gbéra. Tí ọkọ̀ bá dé ibi tí yanrìn wà, a ó ki àkàsọ̀ bọ omi títí yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ nísàlẹ̀. Wàá di korobá mú, wàá sé èémí, wàá sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn, wàá bu yanrìn, wàá gùn ún padà wá sókè. Korobá kan, korobá kan, títí ọkọ̀ á fi kún. Tí korobá bá wá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nísàlẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ kì í kọ́kọ́ bínú. Ohun tó máa ń bi í ni pé, "Apá ibo ló bọ́ sí?" Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè dáhùn. Tí ìtìjú bá wá mú un, tó ní apá ọ̀tún nígbà tó jẹ́ pé apá òsì ni, gbogbo wa la ó máa rì lọ rì bọ̀ títí ojú wa á fi pọ́n, korobá á sì jókòó síbi tó wà.

Irú irọ́ yẹn ni mo pa fún Ọlọ́run fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Omi ọ̀sà máa ń tutù ní ìdájí. Ọ̀rá ọtí kan kí a tó rì, òmíràn tí a bá gòkè, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ó ń mú ara gbóná. Irọ́ gbáà ni. Ṣe ni ọtí ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, ìyẹn ló ń tan ọ́ jẹ pé ara rẹ gbóná, bẹ́ẹ̀ ooru tó yẹ kó wà nínú ló ń jò dànù. Nígbà tó yá, mi ò nílò omi tútù mọ́ kí n tó mu. Bí mo bá jí láàárọ̀, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n débi pé mi ò lè di ife tíì mú. Eyín ni mo fi ń ya ẹnu ọ̀rá nítorí ìka ò gbọ́ tèmi mọ́, díẹ̀ á sì dà sí mi láyà. N óò jókòó sẹ́yìn ilé, n óò máa wo ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún mi títí wọ́n á fi dúró. Ẹ̀yin ará, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n dúró!

Mo gbàdúrà o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mi ò gbàdúrà. Mo lọ ìṣọ́ òru, mo gun orí òkè. Mo ní àwọn ará ilé bàbá mi ni. Mo ní ibà tó wọnú eegun ni. Mo ní iṣẹ́ omi ló ń ba iṣan mi jẹ́. Gbogbo apá ọ̀sà ni mo fi han Ọlọ́run, àfi ibi tó bọ́ sí.

Nígbà tó wá le, ilé àdúrà kan ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje láìjẹ láìmu, kí wọ́n tì mí mọ́ yàrá kan kí ẹ̀mí àìmọ́ lè jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, gìrì gbé mi. Mo bu ahọ́n ara mi jẹ, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ pé ó ń lọ, ó ń lọ. Ìyá àwọn ọmọ mi ló figbe bọnu pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí òun tó fi orí fọ́ ọ. Ó gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá kéré sí ọmọ mi àkọ́bí. Ó mú bíírò, ó ní, "Dádì, irú ọtí wo lẹ ń mu? Ó máa ń tó mélòó lóòjọ́? Ìgbà wo lẹ mu kẹ́yìn?" Mo gbójú sókè. Mo ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì. Tí a bá ti lọ òde." Ìyàwó mi ò bá mi jiyàn. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ọ̀rá dúdú kan jáde, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Òfìfo ọ̀rá ọtí ni. Ó ti kó wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó wọn lẹ́yìn táǹkì omi, ó kó wọn nínú bàtà òjò mi. Ti ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lókọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ wọn pẹlẹbẹ bí ẹni ń ka owó ẹ̀súsú. Nígbà tó dé ìkọkànlélógún, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ó tó. Ọtí ni."

Ìbéèrè wòlíì ni ọmọdébìnrin yẹn bi mi. Ẹnu ìyàwó mi ni ìdáhùn ti kọ́kọ́ wá, nítorí èmi ò ní ìgboyà.

Dókítà wá ṣàlàyé. Ó ní ọtí máa ń tẹ ọpọlọ wálẹ̀, nítorí náà ọpọlọ ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ á kọ́ bí yóò ṣe máa tiraka sókè, bí ẹni tó ń tukọ̀ lòdì sí ìṣàn omi. Tí o bá gba ọtí kúrò lójijì, ìṣàn dúró, àmọ́ ọpọlọ ṣì ń tukọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ gbígbọ̀n á bẹ̀rẹ̀. Gìrì sábà máa ń dé kí wákàtí 48 tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mìíràn á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara wọn á gbóná, ọkàn wọn á máa sáré, ẹlòmíràn sì ń kú sí i. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń fọwọ́ mú ọpọlọ, wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì gún mi ní abẹ́rẹ́ fítámì B1, torí ọtí máa ń sọ ara òfo nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ilé àdúrà tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ti ń mu lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ má so ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ má fi ebi pa á. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí, kẹ́ ẹ wá máa gbàdúrà níwájú ọsibítù tó bá wù yín. Igi tí Èlíṣà jù sómi, igi lásán ni. Ọlọ́run tó lo igi lè lo abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dá àdúrà kan gbà níbí: Olúwa, fún mi ní ẹnu tí yóò sọ ibi tó bọ́ sí. Mú ìtìjú kúrò lójú mi kó tó pa mí. Ní orúkọ Jésù.

Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ Yábà fún ìtọ́jú tó kù, inú bí mi. Mo ní ṣé wèrè ni mí ni? Bí àwa Yorùbá ṣe ń pe Yábà, tàbí Arò l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn níbẹ̀ láti ọdún 1954, bí ẹni ń gégùn-ún ni. Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ọtí àti oògùn olóró ti dè. Níbi ìpàdé àwa tá à ń gbìyànjú láti fi ọtí sílẹ̀, lọ́jọ́ kan, ẹnì kan sọ ìtàn tí mi ò gbàgbé. Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron l'Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Wilson, tó ti fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wà ní òtẹ́ẹ̀lì, òǹgbẹ ọtí sì ń gbẹ ẹ́. Kàkà kó wọ ibi tí wọ́n ti ń mu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù káàkiri. Kì í ṣe ẹni tó máa wàásù fún un ló ń wá. Ọ̀mùtí bíi tirẹ̀ ló ń wá, tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un mọ dókítà kan, Robert Smith, òun náà ń mu. Àwọn méjèèjì ló dá Alcoholics Anonymous sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti fi ọtí sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mo tún ṣubú. Oṣù kọkànlá ni, níbi òkú àgbà kan n'Ígbógbó, ẹnì kan kan gbé ife lé mi lọ́wọ́. Bíbélì ò sọ bóyá àáké yẹn tún yọ lọ́jọ́ mìíràn. Èmi rò pé ó ṣeé ṣe kó yọ. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò sọ pé ibà ni. Mo pe ẹni tí a jọ ń ṣèpàdé, mo ní, "Bọ̀dá, mo mu lánàá. Igun ibẹ̀ náà ni." Ó ní kí n máa bọ̀. Ìyẹn pé ọdún méje báyìí.

Ti ọtí nìkan kọ́. Ẹ̀yin òbí tó wà ní Sábó, ní Agric, ní Ògólóńtò, ẹ mọ ohun tó wà nígboro: igbó, Colorado tó jẹ́ igbó àtọwọ́dá, tramadol, sìkúṣì tí wọ́n pò sínú sóbò. Ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oníkódíìnì wọ̀lú ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń mu kò tán. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi orúkọ ọdún 2018 pè sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan. Wọn ò tíì ka ọtí mọ́ ọn o. NAFDAC náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọtí inú ọ̀rá kúrò lọ́jà ní oṣù kejì ọdún 2024, ariwo sọ, wọ́n sún un síwájú. Èmi ò lè máa retí wọn.

Ìyá tó bá rí pálí oògùn nínú àpò ṣòkòtò ọmọ rẹ̀, tó ń fọ aṣọ lọ́wọ́, mo mọ̀ pé "Ta ló kọ́ ẹ?" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọ̀la. Fa àpótí kan, jókòó tì í. Bi í pé kí ni, mélòó ni, láti ìgbà wo. Má pariwo bó ṣe ń sọ ọ́, torí tó o bá pariwo, apá ọ̀tún ló máa nawọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, fún gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ yìí, fún un ní ẹnì kan tí yóò bi í léèrè láìbú u.

Olúwa, rántí àwọn ìyàwó tó ń ka òfìfo ọ̀rá, àti àwọn ọmọ tó ti mọ ìró ẹsẹ̀ bàbá wọn nígbà tó bá mu àti nígbà tí kò mu. Tù wọ́n nínú.

Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń dìde kúrò ní ìlú, Bàbá, dá wọn dúró fún wa.

Ẹni tó ṣubú lánàá lẹ́yìn oṣù púpọ̀, má jẹ́ kó lọ fara pamọ́. Èlíṣà ní kí ọmọ wòlíì náà mú irin rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ mú un. Olúwa, fi agbára sí ọwọ́ ẹni náà.

Bàbá, ẹnì kan ti dúró níwájú tábìlì oníparaga n'Íta Ẹlẹ́wà báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò, ó ń wá owó. Kò tíì mú un jáde. Bá a sọ̀rọ̀ kó tó mú un jáde, ní orúkọ Jésù. Àmín.