Ìròyìn Power BI Ò Gbé Iye Tuntun? Ẹ Má Tíì Tún Un Tẹ̀

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tèmi.

Nígbà sáà kajú, èmi ni mo ń ṣètò ìròyìn fún àwọn kan tó ń ra kajú ní Kàbà, lórí Power BI, irinṣẹ́ Microsoft tó ń sọ iye inú fáìlì di ìròyìn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ní Ìsánlú àti Mọ́pà á wọn kajú, wọn á kọ kílò rẹ̀ sínú Excel, ọ̀gá á sì máa wò ó lórí fóònù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá pè mí: "Àbí ẹnikẹ́ni ò ta kajú fún wa lánàá ni?"

Wọ́n mà tà á! Ti ìjẹta ni ìròyìn ń gbé jáde, ó sì mọ́ rekete lójú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn: iye tó ti gbó kì í hu ewú.

Ẹ má tẹ Refresh, bọ́tìnì tó ń gbé iye tuntun wọlé, léraléra. Ẹ wọ Settings ti semantic model, ìyẹn àkójọ iye tí ìròyìn ń kà, ẹ ṣí Refresh history. Ẹ wo ojú ìwé yìí: aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, àti "Failed". Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Tèmi sọ pé gateway ò dáhùn. Gateway ni afárá tí Power BI ń gbà dé ọ̀dọ̀ fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú, afárá já nìyẹn. Aago 6 àárọ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ fi refresh sí. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kì í dé kó tó di aago 8. Gbogbo ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ! A sún un sí 9. Ẹ wo time zone náà o: bó bá wà ní UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, aago 9 tí ẹ yàn, 10 tiwa ni.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé fáìlì Excel yẹn lọ sí SharePoint, ibi ìkófáìlìsí Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní nílò gateway mọ́. Èyí ló wù mí jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àṣìṣe mìíràn tún dé: Power BI ní òun ò rí kọ́lọ̀mù "Kílò". Mo wo inú Excel náà. Akọ̀wé wa rò pé òun ń ṣe wá lóore, ó sọ ọ́ di "Kílò kajú". Orúkọ ni Power BI fi ń wá kọ́lọ̀mù. Kò mọ inagijẹ. A dá orúkọ àkọ́kọ́ padà. Bí ẹnì kan bá sì kọ "àpò 3" síbi tí nọ́ńbà nìkan yẹ kó wà, àṣìṣe tó ń jẹ́ DataFormat.Error lẹ máa bá.

Ti password rọrùn: ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún un kọ lábẹ́ Data source credentials.

Bí refresh bá kùnà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léra, Power BI fúnra rẹ̀ á pa ètò aago refresh náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti tún gbogbo nǹkan ṣe tán, wọn ò ní rántí tàn án padà. Refresh ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóòjọ́ ni Pro, ìwé àṣẹ Power BI tí à ń sanwó fún, sì fún yín, ẹ fọgbọ́n pín in.

Ohun tí mo fi tu ọ̀gá lójú ni pé mo kọ aago refresh tó kẹ́yìn sórí ìròyìn náà. Nínú Power Query, apá Power BI tí a ti ń tún iye ṣe, ẹ kọ báyìí:

DateTimeZone.SwitchZone(DateTimeZone.UtcNow(), 1)

1 yẹn ló ń sọ ọ́ di aago Nàìjíríà. Ní báyìí, ọ̀gá á kọ́kọ́ wo aago kó tó wo kílò.