Àmọ̀kẹ́ Kọ̀ fún Wọn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi nínú ọkọ̀, nídìí abọ́ tí ẹ ń fọ̀, tàbí lórí ibùsùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Láti Leeds ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Òjò ń rọ̀, bí ẹ bá ń gbọ́ tó-tó-tó, ojú fèrèsé mi ni.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin yá ìwé kan wálé láti láíbìrì. Fahrenheit 451 ni, tí Ray Bradbury kọ, tó jáde ní 1953. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, mi ò kà á rí. Nígbà tí ọmọ sùn, mo ní kí n wo ojú ìwé kan péré. Ilẹ̀ mọ́ mi lórí ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì kà á, ìlú kan ni wọ́n wà tí àwọn panápaná kì í paná mọ́, iná ni wọ́n ń dá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìwé wà nílé ẹnìkan, wọ́n á gbé kẹrosíìnì débẹ̀, wọ́n á sun ìwé, wọ́n á sun ilé mọ́ ọn. Montag ni panápaná tí ìtàn náà dá lé. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ki nǹkan bọ etí sùn ni, ohùn àjèjì á máa sọ̀rọ̀ sí i létí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo yọ tèmi kúrò létí nígbà tí mo ka ibẹ̀.

Ibi tó gbá mi láyà ni ibi tí ọ̀gá wọn ti ń ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ti rò pé yóò ní ìjọba ló pàṣẹ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ará ìlú fúnra wọn ló kọ́kọ́ pa ìwé tì. Èyí bí àwọn kan nínú, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìyẹn bí àwọn mìíràn nínú, wọ́n gé e. Olúkúlùkù ń fẹ́ kí ará ilé kejì jọ òun, kí ẹnikẹ́ni má baà yọrí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba fi máa dé, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìwé yìí gan-an kò sì bọ́. Bradbury kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1979 pé àwọn olóòtú ti gé nǹkan kúrò níbi bíi 75 nínú rẹ̀, kí ó má baà ba àwọn ọmọdé jẹ́, wọn ò sì sọ fún òun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ lẹ́tà tó fi mọ̀.

Mo gbé ìwé náà kalẹ̀. Mo mọ ilé tó ń sọ. Ọ̀fà ni ilé náà wà.

Ìyá bàbá mi, Àmọ̀kẹ́, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n oríkì ló fi ń jí wa láràárọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọ́mí, ọmọ abíṣujóòko, ìjàkadì lorò Ọ̀fà." Ìyẹn, gbogbo wa la jọ ni ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò wá yà sí ti oníkálukú: ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, iyì rẹ, àléébù rẹ, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Èmi ni ọmọ tó kọ ọmú òsì. Nínú gbogbo ọmọ ilé, èmi nìkan ni, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà, jókòó tì í ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó ń fi báírò búlúù kọ ọ́ sínú ìwé eléwé ọgọ́ta. Ó kún dé ẹ̀yìn.

Màmá kú. A ṣe ọjọ́ kẹjọ tán, ẹbí ṣe ìpàdé. Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn kò yẹ ilé tó ti mọ Ọlọ́run. Ẹlòmíràn ní kí ni ará ìta máa sọ bí wọ́n bá rí i. Kò sí ẹni tó jágbe, kò sí ẹni tó fa ẹnikẹ́ni láṣọ. Wọ́n kàn mi orí yípo yàrá ni. Wọ́n wá ní kí n lọ gbé kẹrosíìnì wá láti kíṣìnì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e, kí ó má baà dà sílẹ̀.

Ìwé tí a pa dé kì í tètè jó. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dúdú. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n tẹ ìsọdipúpọ̀ sí, ká kò bí ewé gbígbẹ. Wọ́n ní kí Bàbá Tíṣà fi igi ṣí i kí iná lè ráyè wọlé, ó sì fi igi ṣí i, léwé-léwé. Ọwọ́ tó kọ ọ́ náà ni. Mo dúró tì í, mo ń kà bó ṣe ń jó, mi ò sì lè bá iná sáré. Àbọ̀ ìlà kan ṣoṣo ló kù sí mi lórí: "Àmọ̀kẹ́ kọ̀ fún wọn, ó ní..." Ibẹ̀ ni iná dé.

Ó ní kí ni? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń bi ara mi.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ dídí ènìyàn lẹ́nu, ìjọba la máa ń nàka sí. Ní 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ogunde nítorí eré Yorùbá Ronú. (Òfin yẹn ò kan Ọ̀fà, abẹ́ Àríwá la wà nígbà náà.) Ogunde fi Òtítọ́ Korò dá wọn lóhùn, nígbà tó sì di 1966 wọ́n ká òfin náà kúrò. Twitter náà, oṣù kẹfà 2021 ni ìjọba Nàìjíríà tì í, oṣù kìíní 2022 ni wọ́n ṣí i, gbogbo wa la sì ń fi VPN wọlé lọ pariwo lé wọn lórí. Irú ìyẹn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ tó parí, ó ní ẹni tí èèyàn lè dojú ìjà kọ. Ti ìwé màmá wá ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ bá ṣẹjọ́? Àwọn tó sun ún ló tọ́ mi. Àwọn ló san owó ilé ìwé mi. Mo fẹ́ràn wọn dé ọkàn.

Èmi náà ò sì dá. Níbi àpèjẹ kan lóṣù tó kọjá, àgbàlagbà kan bi ọmọ mi pé ṣé dókítà ló fẹ́ ṣe. Ọmọ lanu kó sọ òótọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó dákẹ́. Ó wo bàtà mi, kò wo ojú mi.

Níparí ìwé yẹn, Montag sá tọ àwọn kan lọ tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá ojú irin àtijọ́. Oníkálukú wọn ti há ìwé kan sórí, iná ò lè dé ibẹ̀. Ilé wa ní Ọ̀fà ò jìnnà sójú irin. Orí irin yẹn là ń rìn lọ pọnmi nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo dìde jókòó lórí ibùsùn. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ewé ọgọ́ta, ṣé yóò gbàgbé gbogbo rẹ̀ bí?

Mo pe Bàbá Tíṣà lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo kí i tán, ó ní, "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín! Ọmọ tó kọ ọmú òsì!" Ojú mi kún.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé màmá. Ibi tí Àmọ̀kẹ́ ti kọ̀ fún wọn. Kí ló ní?"

Kò fèsì. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń gúnyán lẹ́yìn rẹ̀, odó ń dún, ó ń dún, ó dáwọ́ dúró.

"Ṣé o ń ká ohùn mi sílẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ètò mi ni mo fẹ́ fi sí.

"Pa á ná."

Mo pa á. Ó wúkọ́, ohùn rẹ̀ yí padà di ti ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.