Orí Tí A Yàn àti Ẹsẹ̀ Tí A Fi Rìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Tí A Wá Ṣe Láyé

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa iṣẹ́ tì kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́. Ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ fún wa kì í ṣe kékeré: kí ni mo wá ṣe láyé? Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ìbéèrè yìí ń gba oorun lójú wọn, pàápàá àwọn agùnbánirọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ilẹ̀ bàbá wọn tán, nítorí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù àti àwọn onímọ̀ràn pé ohun ńlá kan ṣoṣo wà tí Ẹlẹ́dàá ti kọ mọ́ olúkúlùkù, àti pé ẹni tí kò bá tètè mọ̀ ọ́n ti fi ayé rẹ̀ ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi láìfi bò: ìmọ̀ràn yẹn ń pa àwọn ọmọ wa lára. Ohun tí a wá ṣe láyé máa ń hàn sí ni lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí àìní ẹlòmíràn bá ti bá ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe pàdé, ó sì sábà máa ń pẹ́ kí ó tó hàn.

Àwọn baba wa ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Ifá sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí wọ́n ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sílé ayé, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà síbì kankan lọ́nà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ pa ìkìlọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ilé Àjàlá tí wọn kò bá a, wọn kò ní sùúrù, wọ́n mú orí tí ó tóbi tí ó sì dára lójú, láìmọ̀ pé kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn. Àfùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sílé baba rẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, ó rú ẹbọ, wọ́n sì fún un ní owó àti iyọ̀ pé kí ó mú wọn dání. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ oníbodè kan, ó bá a níbi tí ó ti ń se ọbẹ̀, eérú ni ó sì ń bù sí i. Àfùwàpẹ́ tú iyọ̀ rẹ̀, ó bù ú sínú ìkòkò, ó ní kí oníbodè tọ́ ọ wò. Oníbodè yìí ni ó mú un dé ilé Àjàlá, tí ó sì sọ fún un pé gbèsè ni ó lé ọkùnrin náà gun àjà. Àfùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń fi kan àwọn orí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tí ó dún dáadáa, ó sì fi í lé Àfùwàpẹ́ lọ́wọ́.

Kádàrá ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi ìtàn yìí wàásù. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ yẹn ni èmi máa ń dúró sí. Iyọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ Àfùwàpẹ́ kò pọ̀, kò sì mọ ohun tí yóò mú wá fún òun. Ó rí ẹni tí ń fi eérú jẹun, ó sì ṣe ohun tí ó lè ṣe. Ọ̀nà orí rẹ̀ ṣí láti ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Òṣogbo. Ní ọdún 1950, obìnrin ayàwòrán kan tí a bí ní ìlú Graz, lórílẹ̀-èdè Austria, ní 1915, bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Ìbàdàn. Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀. Kò wá láti di olórìṣà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a dùbúlẹ̀ láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bá Ajágẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, pàdé, tí ó sì di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún nígbà tí iṣẹ́ igbó mímọ́ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo já lé e léjìká. Ikán ń jẹ ojúbọ, ògiri ń wó, àwọn kan sì ń gé igi igbó náà. Ó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kò sì padà lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí ó fi jáde láyé ní Òṣogbo ní 2009, ní ẹni ọdún 93, lẹ́yìn tí àjọ UNESCO ti ka igbó náà mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé ní 2005.

Kì í ṣe òun nìkan. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bá a ṣe iṣẹ́ náà. Sìmẹ́ńtì tí ó ń fi mọ ilé lójoojúmọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ ènìyàn, ẹranko àti ẹyẹ sára ògiri tí ó dá ihò sí, tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ó ṣe irú rẹ̀ sí ilé epo kan nígboro Òṣogbo pẹ̀lú. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ ẹnìkan nílò rẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ àwọn ọmọ lọ ńkọ́? Mi ò gbà pé onítọ̀hún ṣìnà. Ìyá tí ń jí ní ìdájí ro ẹ̀kọ kí ọmọ rẹ̀ lè rí owó ilé ìwé san kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti lọ wá ìtumọ̀ ayé rẹ̀ sí ibòmíràn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù ni àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó pé ẹni 60 ọdún, tàbí tí ó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, yóò kó ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ìbéèrè tí ó rò pé òun ti dáhùn nígbà èwe yóò sì tún dìde sí i. Ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìmọ̀ àti àkókò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní olùkọ́ tó. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín wa lónìí, kí ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé tí ó súnmọ́ ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, kí ó béèrè kíláàsì tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì lè ka ìwé.