Àgbà tó fẹ́ padà kọ́ ìṣirò, ẹ má dá a kọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á báyìí, torí wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fáwọn tí ò ráyè gbọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ tún ìṣirò kọ́, kó má dá a kọ́, kó wá àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n jọ máa ṣe é, àmọ́ kó rí i pé gúrúùpù tí wọ́n ti ń fi bí wọ́n ṣe ṣe é han ara wọn ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn ń ju áńsà síra wọn.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Uri Treisman. Nígbà tó wà ní Yunifásítì California ní Berkeley, l'Amẹ́ríkà, láwọn ọdún 1970 sókè, ó rí i pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó mọ̀wé gan-an kí wọ́n tó wọlé ń fìdí rẹmi nínú calculus, ìyẹn ẹ̀ka ìṣirò tó dá lórí bí nǹkan ṣe ń yí padà, táwọn ọmọ tí ìdílé wọn wá láti Ṣáínà sì ń yege. Àwọn olùkọ́ ti ní àlàyé tiwọn nílẹ̀, bóyá ìwé ò wù wọ́n, bóyá ilé ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Treisman ò kàn gbà bẹ́ẹ̀, ńṣe ló tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń kàwé, ibẹ̀ ló ti wá rí i pé àwọn tó ń fìdí rẹmi yẹn ń kàwé o, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣeré, àmọ́ kálukú ń dá tiẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀, nígbà táwọn ọmọ Ṣáínà máa ń kọ́kọ́ dá ṣe iṣẹ́ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á kóra jọ, wọ́n á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, èyí tẹ́nì kankan nínú wọn ò bá rí ṣe, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ló le.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbẹ̀ yẹn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó dá wà, tí iṣẹ́ bá ti há mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tó máa sọ fún ara ẹ̀ ni pé òun ò ní ọpọlọ ìṣirò. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé èèyàn mẹ́rin míì há síbi kan náà. Àwa àgbà ló sì máa ń dùn jù, torí ẹlòmíì ti ń sọ ọ́ látìgbà tó ti kúrò nílé ìwé pé 'èmi ò mọ ìṣirò', ó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí Treisman wá ṣètò tiẹ̀, kò fún àwọn ọmọ tó ń fìdí rẹmi yẹn ní ẹ̀kọ́ àwọn tó kù sẹ́yìn rárá, iṣẹ́ tó le ló kó fún wọn pé kí wọ́n jọ ṣe, màáàkì wọn sì gòkè gan-an.

Ibi tí àgbà ti ń há kì í sábà jẹ́ ibi tó rò. Ẹlòmíì á ní algebra, ìyẹn ìṣirò tá a ti ń fi lẹ́tà dípò nọ́ńbà, lòún fẹ́ kọ́ torí iṣẹ́ tuntun tàbí torí kóun lè ran ọmọ òun lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, fraction ni ò yé e látilẹ̀, ojú sì ń tì í láti béèrè. Ká ní ẹnì kan ya fọ́tò iṣẹ́ ẹ̀ sínú gúrúùpù, ó kọ ọ́ pé 1/2 + 1/3 = 2/5, ó ro tòkè mọ́ tòkè, ó ro tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kàn fèsì pé 'kò rí bẹ́ẹ̀, 5/6 ni' kò ṣe é lóore kankan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á bi í pé, ẹ jọ̀ọ́, nínú nǹkan mẹ́wàá, mélòó ni ìdajì ẹ̀? Márùn-ún. 2/5 ẹ̀ ńkọ́? Mẹ́rin. Ṣé ẹ fi nǹkan kún ìdajì, ó wá kéré sí ìdajì ni? Ibẹ̀ yẹn lojú máa là, láìsí pé ẹnì kankan fi í ṣẹ̀sín. Ó ku kí wọ́n jọ pín in sọ́nà mẹ́fà, ìdajì á jẹ́ mẹ́ta nínú ẹ̀, ìdámẹ́ta á jẹ́ méjì, àpapọ̀ ẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́fà. Ẹ sì wo ẹni tó béèrè yẹn o, òun gan-an ló jèrè jù, torí kó tó lè béèrè bẹ́ẹ̀, ó ní láti mọ ìdí tí àṣìṣe yẹn fi jọ òótọ́ lójú ẹni tó ṣe é.

Ẹ máa kọ iṣẹ́ sórí bébà kẹ́ ẹ tó ya á ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ 1/2x lórí fóònù, ẹnì kan á kà á sí ìdajì x, ẹlòmíì á kà á sí 1 tá a fi 2x pín, tí x bá jẹ́ 4, áńsà ẹni àkọ́kọ́ á jẹ́ 2, tẹnì kejì á jẹ́ 1/8, wọ́n á wá máa bára wọn jiyàn lórí iṣẹ́ tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lo brákẹ́ẹ̀tì.

Fídíò ńkọ́? Fídíò dáa. Khan Academy tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ìyẹn ìkànnì tí wọ́n ti ń fi fídíò kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, bí Sal Khan ṣe ń kọ́ ọmọ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn lọ́dún 2004 ló ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo ẹ̀ ló máa dà bíi pé ó ti yé yín. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ mú bébà tí ò sí nǹkan kan lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Èmi ò fara mọ́ kí gúrúùpù máa jókòó wo fídíò pọ̀, kí kálukú ti gbìyànjú iṣẹ́ kó tó wá, kẹ́ ẹ má pọ̀ jù, kí ọjọ́ àti aago má máa yí padà, kẹ́ ẹ sì máa fa iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá jáde nígbà míì torí ohun téèyàn ò bá padà sí máa ń fò lọ lórí.

Ẹnì kan bi mí nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán pé kò sí tíṣà níbẹ̀, tí gbogbo wa bá jọ ṣì í ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ìṣirò ò ní kẹ́ ẹ gba ẹnikẹ́ni gbọ́ torí ipò ẹ̀, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Bí gúrúùpù bá fẹnu kò pé (a + b)² jẹ́ a² + b², ẹ fi 3 sípò a, 4 sípò b. Apá kan á fún yín ní 49, apá kejì 25. Ibi tí 24 tó kù wọlẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ wá wá. Ẹ ya igun mẹ́rin ọgbọọgba kan tẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jẹ́ 7, kẹ́ ẹ pín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí 3 àti 4, kẹ́ ẹ fa ìlà já, ẹ máa rí igun mẹ́rin tó fẹ̀ ní 9, òmíì tó fẹ̀ ní 16, àti méjì míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 12. Àwọn 12 méjì yẹn ni 2ab, ìyẹn a × b lọ́nà méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i kó má tíì sọ ọ́, kó jẹ́ káwọn tó kù ya tiwọn tán.