Omi Kànga Láti Ẹ̀ẹ̀rùn Dé Àkọ́rọ̀ Òjò

Ẹ wo kànga yìí. Ojú kan náà ló wà láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, òjò kò rọ̀ kó fi kún omi abẹ́ ilẹ̀, a sì ń fà á lójoojúmọ́. Á wá máa lọ sílẹ̀. Kànga tí kò jìn á gbẹ. Páǹpù ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, àwọn èèyàn á ní ó ti bà jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ tún fà á. Bó bá tú omi dáadáa kó tó dákẹ́, a jẹ́ pé omi ló lọ sílẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi dára ká gbẹ́ kànga ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí wọ́n gbẹ́ lásìkò òjò máa ń tètè kan omi, wọ́n á sì dáwọ́ dúró. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹrẹ̀ ni korobá á máa bà.

Àìtó omi ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Lójú tiwa, àkọ́rọ̀ òjò ló léwu jù. Ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí tó ti wà nílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ ni àgbàrá ń gbé, tààrà sínú kànga tí ẹnu rẹ̀ kò ga. Bí kọnkéré ẹnu kànga bá sán, omi tó ń dà sílẹ̀ á gba ibẹ̀ padà sínú, tòun ti ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn tó ń pọn omi. Lábẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Omi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè bọ̀ sọ́dọ̀ ìdọ̀tí inú ṣáláńgá. Ó kéré tán, kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga ní mítà 30, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà 1.5 ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ìgbà òjò ni kí ẹ wọn ìyẹn, torí ní ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ṣáláńgá ló dà bíi pé ó jìnnà sí omi.

Omi òjò orí òrùlé náà ní ewu tirẹ̀: ìdọ̀tí orí òrùlé ló máa kọ́kọ́ gbé. Bí òrùlé bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 50, mìlímítà 1 òjò jẹ́ lítà 50. Ẹ jẹ́ kí lítà 50 àkọ́kọ́ yẹn ṣàn dànù kí ẹ tó darí omi sínú táǹkì.

Bí omi bá dọ̀tí, ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ká ní ìlọ́po 4 sẹ́ ẹ. Ẹ má fo èyí: ẹrẹ̀ ń jẹ agbára kiloríìnì (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn inú omi), kòkòrò àrùn sì ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1. Níbi tó ga ju mítà 2,000 lọ, ìṣẹ́jú 3.

Bí kò bá sí ohun ìdáná, ẹ lo kiloríìnì olómi tí kò ní òórùn dídùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú 100. Ẹ kán an lẹ́ẹ̀mejì sínú lítà kọ̀ọ̀kan. Fún lítà 20, mílílítà 2 ni. Síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ ló rọrùn jù láti fi wọ̀n ọ́n. Ẹ pò ó, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ó yẹ kó rùn díẹ̀. Bí kò bá rùn rárá, ẹ tún iye kan náà kán sí i, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 míì. Kiloríìnì tó ti pẹ́ nínú oòrùn lè fa èyí: ó ti kú sínú ìgò.